Àpò tí Fọlákẹ́ Gbé Sílẹ̀ Lọ́dọ̀ Mi

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé ìlú òtútù yìí, mo wọ ilé ìtajà ńlá kan láti ra iyọ̀ àti àlùbọ́sà. Ọkùnrin gàgàrà kan tó wọ aṣọ dúdú dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Kí ó tó wò mí lójú, mo ti sọ àpò mi kalẹ̀, mo fa síìpù rẹ̀, mo là á sílẹ̀ fún un kí ó wo inú rẹ̀. Mo tilẹ̀ kó ìbọ̀wọ́ àti ìwé mi síta. Ó wo àpò, ó wò mí, ó ní ṣé nǹkan mi sọnù ni. Mo ní rárá, mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa wọlé lọ. Mo wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni mò ń wò títí mo fi sanwó. Níbi tí mo ti wá, ẹni tó bá ní kí o máa lọ láì yẹ ẹrù rẹ wò, ó ti ránṣẹ́ sí ẹnì kan níwájú.

Ọmọ Ajílẹ́tẹ̀ ni mí. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà wa, ọ̀rọ̀ mi á yé e. Ẹ̀yìn oko wa ni ibodè wà, ìrẹsì àti epo ń gba inú igbó kọjá, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù sì pọ̀ lójú títì ju igi lọ. Nígbà tí mò ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ní Ìlaròó, n kì í so àpò mi le, torí kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, ọwọ́ oríṣiríṣi á ti wọ inú rẹ̀. Àwọn òbí wa sì kọ́ wa dáadáa. Má sọ ọ̀nà tí o fẹ́ gbà fún ẹni tí o kò mọ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìbéèrè, ìbéèrè ni kí o fi dá wọn lóhùn. Má gba ẹrù ẹlẹ́rù, bí o bá sì gbà á, má ṣe tú u wò láéláé. Ẹni tí kò tú u kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì lè búra láì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Ti oúnjẹ tún wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá fún ọ lóúnjẹ, òun ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Omi lásán pàápàá, ẹni tó gbé e wá á mu díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó fi lé àlejò lọ́wọ́. Kì í ṣe pé a kórìíra ara wa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ fún èèyàn pé kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ìdí nìyí tí n kò fi jẹ àkàrà òyìnbó tí ìyá arúgbó tó ń gbé lókè ilé mi gbé wá fún mi. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó gbé àwo lé mi lọ́wọ́, ó sì yíjú padà. Kò fi ẹnu kàn án! Mo gbé e sẹ́bàá fèrèsé, mo ń wò ó lójoojúmọ́ títí tó fi gbẹ gan-an. Nígbà tó bi mí bóyá mo gbádùn rẹ̀, mo bi òun náà pé ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Inú rẹ̀ dùn, ó sọ ìtàn ìyá rẹ̀ fún mi títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí.

Iléeṣẹ́ búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń to búrẹ́dì sínú ọ̀rá bó ṣe ń bọ̀ lórí ẹ̀rọ. Ariwo ẹ̀rọ yẹn kì í jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀, ó sì bá mi lára mu, torí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí nípa ara mi. Ìwé ìgbélùú mi kò burú, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni wọ́n ń tún un yẹ̀ wò. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò gbọdọ̀ sun àsùnpiyè. Bí mo bá dé ilé, màá tan iná, màá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lára, màá sì máa gbọ́ bí ìyá arúgbó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ lókè. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí mo bá dáhùn fóònù láti ilé ni mo máa kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ara mi. Mo dá wà, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni ìròyìn gbé e pé ìlú wa yìí ni wọ́n ti fẹ́ ṣe ìdíje ńlá kan tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń bá ara wọn du oríṣiríṣi eré, wíwẹ̀, gbígbé irin, ẹ̀ṣẹ́ jíjà àti ìsáré. Kò kàn mí. Àfi bí fóònù mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bàbá kékeré, àbúrò bàbá mi, ló kọ́kọ́ pè. Òun ló ń ra ọjà lọ sí Pọ̀bẹ̀ ní òdìkejì ibodè, ó sì máa ń fi Faransé díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé, kò pè mí rí.

“Savá? Ṣé òtútù ò pa ẹ́?”

“Rárá o, Bàbá. Ṣé àlàáfíà ni?”

“Ṣé nǹkan gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí n tó pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni?” Ó tún bi mí pé, “Yàrá tí ò ń gbé yẹn, ṣé ó tóbi?”

Lọ́jọ́ kejì, Màmá mi pè. Wọ́n kí mi, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sọ ti ẹ̀gẹ́ tó ta dáadáa lóko, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Fọlákẹ́ ti wọ ẹgbẹ́ eléré Nàìjíríà o. Òun náà ń bọ̀ ní ìlú yín.”

Inú mi dùn, kí n má purọ́. Fọlákẹ́ ni ọmọ Bàbá kékeré. Agbo ilé kan náà la ti dàgbà, mo pọ̀n ọ́n rí. Ilé-ìwé kan ní Ayétòrò ni wọ́n ti rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n bí inú mi ṣe dùn náà ni mo rántí ìbéèrè nípa yàrá, ọkàn mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó síwá sẹ́yìn. A ti gbọ́ nípa àwọn eléré tó jẹ́ pé bí ìdíje bá parí, a kì í rí wọn mọ́. Wọ́n á wọlé sí ọ̀dọ̀ ìbátan kan, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Bí irú rẹ̀ bá sì ṣẹlẹ̀, ilé ìbátan ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ lọ. Èmi nìkan sì ni ìbátan tí Fọlákẹ́ ní nílùú yìí.

Mo fi ọgbọ́n bi Màmá. “Ṣé ó máa padà wálé lẹ́yìn ìdíje?”

“Ta ló sọ fún ẹ pé kò ní í padà?”

Ẹ ò rí i? Ìbéèrè ni wọ́n fi dá ìbéèrè lóhùn. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti lélẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Fọlákẹ́ dé, wọ́n fún wọn láyè ní ọ̀sán ọjọ́ kan láti jáde kúrò ní ibùdó wọn. Mo ti sọ fún un lórí fóònù bí yóò ṣe wọ bọ́ọ̀sì. Mo sì ti se ẹ̀wà aganyìn, irú èyí tí àwọn ìyá Ègùn máa ń gbé kiri lágbègbè wa, mo fi ata gbígbẹ tó kù nínú èyí tí Màmá fi ránṣẹ́ sí mi dín epo rẹ̀ títí tó fi dúdú. Gbogbo ilé ń ta sánsán. Ó wọlé, ó ga jù mí lọ, ẹ̀wù aláwọ̀ ewé ẹgbẹ́ wọn mọ́ ọn lára, ó kúnlẹ̀ kí mi lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo fà á dìde, mo dì mọ́ ọn, omi bọ́ lójú mi. Ìgbà náà ni mo rí àpò kan lẹ́yìn rẹ̀, ó kún dẹ́múdẹ́mú, àgádágodo kékeré kan sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Mo bu omi sínú ife. Mo mu díẹ̀ níbẹ̀, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó gbà á, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì yọ ìgò omi tirẹ̀ jáde.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú.”

Mo gbé ẹ̀wà wá. Mo bù ú jẹ níwájú rẹ̀, ó rí mi. Ó wo àwo náà, ó gbé itọ́ mì, ó sì mi orí.

“Mi ò lè jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Kóòṣì wa ti kìlọ̀ fún wa. Wọ́n ń gba ìtọ̀ wa lọ yẹ̀wò, ohunkóhun tí wọ́n bá rí níbẹ̀, èmi ni màá dáhùn fún un. Oúnjẹ ibùdó nìkan la gbọ́dọ̀ jẹ.”

“Ẹ̀wà ni, Fọlákẹ́. Ẹ̀wà àti ata.”

“Mo mọ̀, mà.”

Ó mọ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ́. Mo gbé àwo padà sí ìdáná. Èèyàn tí kò bá mọ ilé wa á ní ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fọlákẹ́ wà ní kékeré, ó jẹun ní yàrá Màmá mi lọ́jọ́ kan, ó sì bi gbogbo rẹ̀, ara rẹ̀ gbóná fún ọjọ́ mélòó kan. Ìyá rẹ̀ kò pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́. Ó kàn ṣẹlẹ̀ pé láti ìgbà náà, Fọlákẹ́ kò jẹun lọ́dọ̀ wa mọ́, àwa náà kò sì jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀ mọ́. Inú agbo ilé kan náà! Màmá mi á máa kí ìyàwó Bàbá kékeré láràárọ̀, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, ìkòkò wọn kò sì ní pàdé. Nítorí náà, nígbà tí Fọlákẹ́ ń sọ̀rọ̀ kóòṣì àti ìtọ̀, ohùn ìyá rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Ó dùn mí wọra.

Kò pẹ́ tó fi ní àkókò òun ti tó. Ó gbé àpò náà sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú èyí. Tí mo bá ti sáré tán, màá padà wá.”

“Padà wá ṣe kí ni?”

“Ṣé ẹ ò fẹ́ kí n padà wá ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jáde. Ọmọ Ajílẹ́tẹ̀ ni òun náà.

Mo jókòó, mo ń wo àpò. Ẹrù ẹni tó fẹ́ sá ni, kí ló tún kù? Aṣọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, bàtà rẹ̀, bóyá ìwé rẹ̀. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀ lápá kan, ó le lápá kan. Mo gbóòórùn rẹ̀, kò rùn. Àgádágodo náà kò ju ìka lọ, mo lè fi ọ̀bẹ ṣí i. N kò ṣí i. Mo gbé e lọ sí ilé ìwẹ̀, n kò fẹ́ kí ó máa wò mí lójú oorun. Mo pe Màmá.

“Kí ló wà nínú àpò tí Fọlákẹ́ gbé wá?”

“Ṣé mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dì í ni?”

“Màmá, ẹ má fi mí ṣeré. Wọ́n lè gba ìwé mi lọ́wọ́ mi.”

“Bí ó bá ní kí o bá òun tọ́jú ẹ̀, bá a tọ́jú ẹ̀. Àbúrò ẹ ni.” Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà, èyí tó túmọ̀ sí pé wọn kò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìdíje bẹ̀rẹ̀. Ní iléeṣẹ́ búrẹ́dì, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n sí yàrá tí a ti ń jẹun. Ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ bá wa lórúkọ jẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n tún un ṣe. Àwọn abẹ̀ṣẹ́kùùbíójò wa fìdí rẹmi kíákíá. Ọkùnrin tó fẹ́ fò jìnnà tẹ ojú ìlà ní gbogbo ìgbà tó fò. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ń gbé irin, ẹ wá wò wọ́n! Ọ̀kan nínú wọn gbé irin tó tẹ̀ bí ọrun sókè orí, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń wo àwọn adájọ́ bí ẹni pé wọ́n jẹ òun ní gbèsè. Mo pariwo nínú yàrá oúnjẹ, èmi tí n kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀gá wa obìnrin gbá mi lẹ́yìn. Fún ọjọ́ yẹn, gbogbo ẹni tó bá bi mí níbi tí mo ti wá, mo dá a lóhùn tààrà.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ìròyìn sọ pé àwọn eléré kan láti orílẹ̀-èdè mìíràn kò sí ní ibùdó wọn mọ́. Ọ̀gá wa fi ẹ̀rín bi mí pé, “Ti yín ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì pé?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Àpò tó wà ní ilé ìwẹ̀ mi nìkan ni mò ń rò.

Fọlákẹ́ ti fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Mo lọ sí pápá ìṣeré. Àwọn mẹ́rin ló ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́ nínú eré tiwọn, òun ló sì ń sá ìkẹta, níbi tí ọ̀nà ti yí kọ́rọ́kọ́rọ́. Kí wọ́n tó yìnbọn, n kò wo orí pápá rárá, àwọn ẹnu ọ̀nà ni mò ń wò, mo ń wo ibi tí èèyàn lè gbà jáde láì jẹ́ pé wọ́n rí i. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ìbọn dún. Nígbà tí ọ̀pá kan ọwọ́ Fọlákẹ́, mo gbàgbé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà sáré! Ó gba ọ̀pá ní ipò kẹfà, ó yí kọ́rọ́ náà bí ẹni tí ajá ń lé, ó sì fi lé ẹni tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́. Wọ́n ṣe ipò kẹrin. Ọ̀kan nínú wọn dojú bolẹ̀, ó ń sunkún, Fọlákẹ́ sì jókòó tì í.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, orúkọ yí padà lójú pátákó ńlá. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kẹta kò gba ọ̀pá lójú ibi tó yẹ, wọ́n sì ti yọ wọ́n kúrò. Àwa la ni àmì-ẹ̀yẹ idẹ. Àwọn èèyàn tó di àsíá wa mú ń fò sókè. Èmi kò fò. Ohun tí wọ́n bá fi pátákó fúnni, wọ́n lè fi pátákó gbà á. Mo dúró títí wọ́n fi so ó mọ́ wọn lọ́rùn, ìgbà náà ni mo tó sunkún. Bàbá kékeré pè mí, kò rántí Faransé rárá. Ó kàn ń pariwo pé, “O rí i? Ṣé o rí ọmọ mi?”

Mo pe Fọlákẹ́, kò gbé e. Mo pè é lọ́jọ́ kejì kí n tó lọ síbi iṣẹ́, fóònù rẹ̀ ti kú. Ọjọ́ tí ìdíje parí nìyẹn. Mo to búrẹ́dì sódì, wọ́n kìlọ̀ fún mi. Bí bọ́ọ̀sì ṣe ń gbé mi bọ̀ nírọ̀lẹ́, mo ti pinnu ohun tí màá sọ fún ọlọ́pàá: pé n kò tú u wò, pé mo lè búra.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé. Ìyá arúgbó òkè jókòó tì í, wọ́n jọ ń wo idẹ náà.

Mo fà á wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. “Ṣé o ti sá ni?”

“Sá lọ síbo?”

“Fọlákẹ́, má fi ìbéèrè dá mi lóhùn lónìí. Fóònù rẹ kú. Àpò rẹ wà nílé mi. Sọ òótọ́ fún mi.”

Ó wò mí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ẹ̀rín tó fẹ́ rín sì kúrò lójú rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀la la ń lọ sílé. Fóònù mi bọ́ sómi. Ṣé ohun tí ẹ ti ń rò látọjọ́ yìí nìyẹn?”

“Kí ló dé tí bàbá rẹ fi ń béèrè bí yàrá mi ṣe tóbi tó?”

“Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ibi tí ẹ ń gbé dára ni! Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọn ń sunkún pé ẹ kì í sọ nǹkan kan.”

Màmá mi nìyẹn. Fọlákẹ́ lọ gbé àpò náà ní ilé ìwẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kékeré kan nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣí i. Gàrí ni, tí wọ́n yan tó gbẹ wínníwínní, tí wọ́n di sínú ọ̀rá mélòó kan. Ẹ̀pà tí wọ́n yan wà níbẹ̀, ata gígún wà níbẹ̀, ẹ̀wù òtútù kan tí wọ́n fi ọwọ́ hun sì wà lábẹ́ rẹ̀.

“Ìyá mi ló ṣe é,” ni ó wí. “Gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n má kàn gbé e sílẹ̀ fún yín, wọ́n ní ẹ ò ní í jẹ ẹ́ bí ẹ bá mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ló ti wá. Wọ́n ní kí n jẹ ẹ́ níwájú yín. Mi ò sì lè jẹ nǹkankan kí n tó sáré. Ìdí tí mo fi tì í nìyẹn. Màmá yín mọ̀ sí i.”

Ó gbé abọ́, ó bu gàrí sí i, ó da omi lé e, ó da ẹ̀pà sórí rẹ̀. Wọ́n ti gba ìtọ̀ rẹ̀ tán, ó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó rò ó pọ̀, ó bu ṣíbí kan, ó gbé e sókè kí n lè rí i dáadáa, bí ìyá rẹ̀ ṣe rán an.

Mo gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó kan ẹnu rẹ̀. Mo jẹ ẹ́. Ó kan díẹ̀, bí ti ilé wa ṣe máa ń kan.

Fọlákẹ́ bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ìdáná, ó béèrè bóyá ẹ̀wà ọjọ́sí ṣì wà. Ẹ̀wà yẹn ti lọ sínú ìdọ̀tí, mo ní kí ó jókòó, mo gbé òmíràn kaná.

Kí ó tó lọ, a fi fóònù mi pe ìyá rẹ̀. N kò bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ gidi rí láti ìgbà tí mo ti ní làákàyè. A kí ara wa, mo bá wọn yọ̀ fún idẹ, mo dúpẹ́ fún gàrí.

“Ṣé ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò fún ẹ?” ni wọ́n bi mí.

“Rárá o, Màmá,” ni mo wí. “Èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́.”

Mo gbọ́ tí wọ́n gbé fóònù kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí wọ́n ń pariwo pe Màmá mi láti òdìkejì àgbàlá, pé kí wọ́n gbé abọ́ wọn wá, pé oúnjẹ ti délẹ̀.